Íntánẹ́ẹ̀tì Kan, Ọ́fíìsì Mẹ́ta: Báwo La Ṣe Lè Pín In Láìrí Àṣírí Ara Wa?

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú láàbù wa ṣàdédé tẹ ìwé jáde. Àwa kọ́ la rán an níṣẹ́. Lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ni, orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dá dúró sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ọ́fíìsì kejì tá a jọ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wa. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ò tíì gbọ́, àwa ti mọ̀. Mo dá a padà fún wọn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Tí tiwọn bá lè dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ohun tó fà á ò le. Owó íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n, la bá dáwó jọ, ọ́fíìsì mẹ́ta so mọ́ ráútà kan. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ráútà kan náà dà bí àwọn tó jọ ń gbé yàrá kan: kálukú ń rí ẹrù ẹnìkejì. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní ráútà tiẹ̀ lẹ́yìn ráútà àkọ́kọ́.

Báwo nìyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́? Àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 tó wà láyé ò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò lè kárí gbogbo ẹ̀rọ. Torí náà, wọ́n ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 1918, tó jáde ní 1996, ló to èyí lẹ́sẹẹsẹ. Ráútà yín wá dà bí ọmọ tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń jẹ́ lọ́jà, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló rán òun, kó má bàa gbé ẹrù Àlàbá fún Àjọkẹ́. NAT ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ká ní ráútà ńlá ń jẹ́ 192.168.1.1. Ẹ fa wáyà láti ihò LAN rẹ̀ wọ ihò WAN ráútà kékeré kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ti ọ́fíìsì kìíní di 192.168.10.1, ti èkejì 192.168.20.1, ti ẹ̀kẹta 192.168.30.1. Tí ráútà kékeré bá tún ń lo 192.168.1 nínú, kò ní mọ̀ bóyá inú ni àbí ìta lẹ ń rán an. Tẹ́ ẹ bá sì ki wáyà bọ ihò LAN rẹ̀, ráútà méjì á jọ máa pín àdírẹ́ẹ̀sì lójú kan náà, ni íntánẹ́ẹ̀tì á bá máa lọ, máa bọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé o: ráútà kékeré ń dí àlejò lọ́nà àtiwọlé, àmọ́ kì í dí ará ilé lọ́nà àtijáde. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lórí ráútà ńlá, ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kọ̀ǹpútà kankan síbẹ̀. Ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí password rẹ̀ padà.

Ó ní ìnira tiẹ̀ náà. NAT ti di méjì, ẹni tó bá fẹ́ wo kámẹ́rà ọ́fíìsì láti ilé lè ní láti ṣílẹ̀kùn lórí ráútà méjèèjì. Íntánẹ́ẹ̀tì náà ò sì pọ̀ sí i: tẹ́nì kan bá ń wa fíìmù sílẹ̀, àwọn tó kù á mọ̀ ọ́n lára, àfi tí ráútà ńlá bá lè dá ìwọ̀n lé e fún kálukú. Ẹni tó bá lówó ẹ̀rọ tó mọ VLAN lè fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀.

Àwa ra ráútà kékeré mẹ́ta, a sì tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wa nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ń tẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ yẹ ráútà ọ́fíìsì yín wò, kó tó di pé lẹ́tà tiyín já sọ́wọ́ ẹlòmíì.