Àbẹ́là Páráfíìnì àti Àbẹ́là Sọ́yà: Èwo Ni Kí A Rà?

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, nínú àròkọ aṣàlàyé, kì í ṣe iyàn ni o wá jà, kì í sì í ṣe ìtàn ni o wá sọ. Iṣẹ́ rẹ ni láti mú ohun kan tí kò yé ènìyàn tó, kí o là á sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi yé e. Wo ìlapa èrò yìí dáadáa kí o tó ka àròkọ tí ó tẹ̀ lé e.

Ìlapa èrò
1. Ìfáárà: ìdí tí ọ̀rọ̀ àbẹ́là fi kàn wá.
2. Ohun tí a fi ṣe oríṣi méjèèjì.
3. Bí àbẹ́là ṣe ń jó, àti ọ̀rọ̀ èéfín.
4. Ìwúlò ọ̀kọ̀ọ̀kan àti owó rẹ̀.
5. Ewu iná.
6. Ìkádìí.

Àròkọ náà

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní àdúgbò Benson ní Ìkòròdú, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì lọ lójijì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé, "Ẹ bá mi wá ìṣáná àti àbẹ́là." Ọ̀rọ̀ náà lè ya àlejò lẹ́nu, nítorí pé ní Ẹgbin, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, ni ilé iṣẹ́ ńlá kan wà tí ó ti ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná láti àárín àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì kọ́ ọ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320. Ó dà bí ẹni tí ń gbé etí odò tí ó sì ń fi itọ́ bọ́jú. Bí ó ti wù kí ó rí, àbẹ́là ṣì ní àyè tirẹ̀ nínú ilé wa.

Látijọ́, oríṣi kan ni a mọ̀ jù lórí àtẹ, èyí náà ni àbẹ́là funfun gígùn tí a fi páráfíìnì ṣe. Lóde òní, oríṣi mìíràn ti dé, èyí ni àbẹ́là sọ́yà, tí wọ́n máa ń dà sínú ife gíláàsì tàbí agolo, tí òórùn dídùn sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Àwọn kan tí ń tà á a máa sọ pé kò ní èéfín, kò ní májèlé, kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí o ná owó rẹ lé lórí? Kí o tó dáhùn, ó yẹ kí o mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́.

Inú epo rọ̀bì ni páráfíìnì ti ń wá. Bí wọ́n bá ń fọ epo rọ̀bì ní ilé ìfọpo, epo bẹntiróòlù a jáde lára rẹ̀, kẹrosíìnì a jáde, dísù náà a jáde. Lára epo wúwo tí ó kù, irú èyí tí a fi ń ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ti ń yọ ìda funfun kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Carl Reichenbach ni ó rí irú ìda yìí ní 1830, lára ọ̀dà igi. Láti nǹkan bí ọdún 1850 sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ọ̀rá màlúù lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe àbẹ́là, nítorí pé ó mọ́, ó le, kò sì wọ́n.

Sọ́yà ní tirẹ̀ jẹ́ irú ẹ̀wà kan, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe wàrà sọ́yà, tí wọ́n sì ń lọ̀ mọ́ ògì ọmọdé. Òróró wà nínú rẹ̀. Òróró náà ń ṣàn, kò sì lè di àbẹ́là bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní ilé iṣẹ́, wọ́n a fi afẹ́fẹ́ háídírójìn sí i lára títí yóò fi dì bí òrí. Ní àwọn ọdún 1990 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Michael Richards, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìda sọ́yà ṣe àbẹ́là fún títà, nítorí pé ó ń wá ohun tí kò wọ́n tó ìda oyin.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé òní ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi òróró ohun ọ̀gbìn ṣe àbẹ́là. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé iṣẹ́ Price ní Battersea, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń fi epo pupa tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ ṣe àbẹ́là. Èkó wà lára àwọn èbúté tí epo pupa ń gbà lọ sí ìlú Òyìnbó, orí ọ̀sà ni epo sì ń gbà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí etí òkun. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851 tí ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, òwò epo pupa wà lára ohun tí ó mú un dúró níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé ohun àjèjì ni àbẹ́là olóròóró, sọ fún un pé epo ilẹ̀ wa ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àbẹ́là ṣe ń jó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òwú ni ó ń jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru iná a yọ́ ìda; òwú a fa ìda yíyọ́ náà sókè, bí aṣọ ti ń fa omi; ooru a sì sọ ọ́ di gáàsì. Gáàsì yìí gan-an ni ó ń jó. Bí iná bá dúró jẹ́ẹ́, tí òwú rẹ̀ sì kúrú, èéfín rẹ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ṣùgbọ́n bí òwú bá gùn jù, tàbí tí atẹ́gùn ń fẹ́ iná náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, gáàsì kò ní jó tán; ìyókù rẹ̀ a di èéfín dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé tí ó sì ń wọ ihò imú. Bí ó ti rí fún páráfíìnì nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún sọ́yà. Lóòótọ́, àbẹ́là sọ́yà tí wọ́n ṣe dáadáa sábà máa ń ní èéfín dúdú tí ó kéré sí ti páráfíìnì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kéré kì í ṣe ohun tí kò sí. Oríṣi yòówù kí o rà, gé òwú rẹ̀ kù sí nǹkan bíi mílímítà 6 kí o tó tàn án, kí o má sì gbé e sí ojú fèrèsé.

Ní ti májèlé, àwọn olùṣèwádìí kan ní South Carolina State University ní Amẹ́ríkà kéde ní 2009 pé àwọn rí kẹ́míkà tí kò dára nínú èéfín àbẹ́là páráfíìnì. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn sọ pé ẹni tí ń tan púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kì í ṣe ẹni tí ń tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Rántí pẹ̀lú pé kò sí iná tí kì í ní ohun tí ó ń tú sínú afẹ́fẹ́, àti pé lófínńdà inú àbẹ́là sọ́yà lè da ẹni tí ó ní ikọ́ fée láàmú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú yàrá.

Ìwúlò wọn ńkọ́? Ìda páráfíìnì le. Ó lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi bá ọ̀pá àbẹ́là mu, ìbáà ṣe nínú ilé tàbí nínú ìjọ tí ń tan àbẹ́là, irú Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run àti Ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ìda sọ́yà rọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nítorí èyí, inú ife ni ó ń gbé, kò sì yẹ kí o fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Ṣùgbọ́n ife náà kò jẹ́ kí ó kán sórí tábìlì. Kíyè sí i pẹ̀lú pé àwọn kan a máa da páráfíìnì pọ̀ mọ́ sọ́yà, wọn a sì máa pè é ní sọ́yà. Béèrè kí o tó sanwó.

Ní ti owó, má ṣe fi iye tí wọ́n ń tà á nìkan díwọ̀n. Fi iye wákàtí tí yóò jó kún un. Ká ní o ra àbẹ́là páráfíìnì kan ní ₦200, tí ó sì jó fún wákàtí 4, ₦50 ni o ná sórí wákàtí kan. Ká ní ife sọ́yà kan jẹ́ ₦6,000, tí ó sì jó fún wákàtí 40, ₦150 ni wákàtí kan. Ra ẹyọ kan péré nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kọ aago tí o tàn án àti aago tí o pa á sílẹ̀, ìwọ fúnra rẹ yóò sì mọ èyí tí apò rẹ gbà.

Wàyí o, ewu tí ó tóbi jù kì í ṣe èéfín. Iná fúnra rẹ̀ ni. Iná kò mọ sọ́yà yàtọ̀ sí páráfíìnì nígbà tí ó bá ràn mọ́ kọ́tíìnì tàbí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Má ṣe lẹ àbẹ́là mọ́ orí tábìlì tàbí orí ike. Gbé e sínú àwo irin tí yanrìn wà nínú rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ti inú ife jó dé ìdí, nítorí pé gíláàsì lè fọ́; pa á nígbà tí ó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Má ṣe gbé àbẹ́là sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń bu epo sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣe sùn kí o fi àbẹ́là sílẹ̀ ní títàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé di òru ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé orí ìwé ni oorun ti ń gbé e lọ. Bí iná bá sọ, kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jáde, kí o sì pe 767 tàbí 112 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìfura loògùn àgbà.

Ohun kan kù. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kan kò ju nǹkan bíi lumen 12 lọ, ṣùgbọ́n gílóòbù LED kékeré oníwáàtì 5 lè fúnni ní nǹkan bí 400. Nítorí náà, bí ìwé kíkà ni o fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe, tí agbára rẹ sì ká a, fi owó àbẹ́là pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí o fi ra àtùpà tí ń fi oòrùn gba agbára.

Ní ìkádìí, bí o bá fẹ́ àbẹ́là tí yóò dúró lórí ọ̀pá, tí owó rẹ̀ kò sì ní ga, ra ti páráfíìnì. Bí o bá fẹ́ òórùn dídùn nínú pálọ̀, tí èéfín dúdú díẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí owó sì wà lọ́wọ́, ra ti sọ́yà. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí o bá rà, òwú kúkúrú, àwo irin àti ojú tí kò kúrò lára iná ni yóò dáàbò bo ilé rẹ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sára ife.

Àkíyèsí fún olùdánwò: Wò ó bí òǹkọ̀wé kò ti sọ pé ọ̀kan dára, ọ̀kan burú. Ó ṣàlàyé oríṣi méjèèjì, ó wádìí ohun tí àwọn ọlọ́jà ń sọ, ó sì wá sọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ sí. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ lórí "Sítóòfù àti Gáàsì" tàbí "Ìkòkò Amọ̀ àti Ìkòkò Irin".