Bí Eré Bí Eré, Àlàbọrùn Ń Di Ẹ̀wù: Ọ̀rọ̀ Àwa Mùsùlùmí Nínú Géèmù

  

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan báyìí, lẹ́yìn tí a kírun tán, mo yà sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta aṣọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, fi ẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, ó ń ta géèmù lórí fóònù bàbá rẹ̀. Ìbọn ń dún lákọlákọ nínú fóònù náà. Lójijì ni a gbọ́ ohùn ẹni tí ń pe ìrun. Ọ̀rẹ́ mi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé àkókò ìrun Àsárì kò tí ì tó. Àṣé inú géèmù ni wọ́n ti ń pè é. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá ti ń pe ìrun ni wọ́n máa ń ní ká lọ yìnbọn sí?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní eré lásán ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé aṣọ kan náà ni ó ń ká, tí ó ń tú, tí ó tún ń ká.

Àgbàlagbà kan tí ó jókòó tì wá ní kí wọ́n gba fóònù náà, kí wọ́n sọ ọ́ nù, nítorí pé iṣẹ́ èṣù ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi dáhùn wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣèlú ba eré jẹ́ fún wa. Géèmù ni géèmù ń jẹ́." Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni mo gbé relé, tí n kò fi lè sùn bọ̀rọ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò fọwọ́ kan géèmù rí, ohun tí ó fi yàtọ̀ sí sinimá ni pé nínú sinimá, ìjókòó ni a jókòó tí a ń wo ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe. Nínú géèmù, ìwọ gan-an ni wọ́n fi ṣe olórí eré. Ọwọ́ rẹ ni ìbọn wà; bí o kò bá yìn ín, eré kò ní lọ síwájú. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe géèmù ti yan ẹni tí o jẹ́ fún ọ, ó ti yan ẹni tí í ṣe ọ̀tá rẹ, ó sì ti yan ẹni tí kò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá. Bí èyí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Ìráákì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fallujah. Ìlú Mọ́sálásí ni wọ́n ń fi pe oríkì rẹ̀, nítorí pé mọ́sálásí pọ̀ níbẹ̀ lọ bíi rẹrẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn gbógun ti ìlú náà láti lé àwọn tí ń bá wọn jà jáde. Ilé dé ilé ni wọ́n ja ogun náà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ti sá lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ibi sá sí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tí kò gbé ìbọn ni ó bá ogun náà lọ, ilé àti mọ́sálásí sì wó lulẹ̀.

Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Jàpáànù kéde pé òun yóò gbé géèmù kan jáde lórí ogun yìí, orúkọ rẹ̀ ni Six Days in Fallujah. Ariwo ta. Kódà àwọn òbí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ wọn kú sí ogun Ìráákì, wà lára àwọn tí ó ní kò bójú mu. Konami yọwọ́ nínú rẹ̀. Ọdún 12 lẹ́yìn náà, ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí à ń pè ní Victura gbé e dìde padà. Olórí wọn, Peter Tamte, sọ fún àwọn oníròyìn pé géèmù náà kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, pé kò fẹ́ sọ bóyá ogun náà dára tàbí kò dára.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan gbé ìbọn lé ọ lọ́wọ́, ó tì ọ́ wọ inú yàrá onílé, ó ní kí o máa yìn ín, lẹ́yìn náà ó ní òun kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jàre. Kò pẹ́ rárá, ní oṣù Kẹta ọdún náà, tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi gbà pé a kò lè ya ìtàn inú géèmù náà kúrò lára ìṣèlú. Ní oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CAIR bẹ Microsoft, Sony àti Valve pé kí wọ́n má ṣe bá wọn tà á. Àwọn tí ó ṣe é ní tiwọn sọ pé àwọn fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará Ìráákì náà lẹ́nu wò, kì í ṣe àwọn sójà nìkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kò tí ì parí lórí rẹ̀.

Kì í ṣe èyí nìkan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2002, tí í ṣe ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ológun wọn fúnra rẹ̀ gbé géèmù kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́, America's Army ni orúkọ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni láti fa ojú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra kí wọ́n lè wọ iṣẹ́ sójà. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń ná an kí wọ́n tó pa á tì ní ọdún 2022. Kí a sì má ṣe fi òtítọ́ pa mọ́, àwọn ará ìhà tiwa náà ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 2001, ilé ìtẹ̀wé kan ní Dàmásíkù, Dar al-Fikr, gbé géèmù Under Ash jáde lórí ìjà àwọn ará Palẹsitáínì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má ṣe jẹ́ kí ìṣèlú wọ inú géèmù dà bí ẹni tí ó ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí àlejò ti jẹun tán nínú ilé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọlá tí ó yẹ ẹ̀sìn wa. Géèmù kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti àwọn yòókù lọ, Call of Duty ni. Nínú èyí tí ó jáde ní ọdún 2009, wọ́n fi férémù kan kọ́ ògiri ilé ìwẹ̀, wọ́n sì kọ hádíìsì tí ó sọ̀rọ̀ ẹwà Ọlọ́run sára rẹ̀. Ní ọdún 2012 tí àwọn Mùsùlùmí pariwo, ilé-iṣẹ́ náà yọ apá eré náà kúrò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nínú òmíràn tí wọ́n pè ní Vanguard, ojú ìwé Àlùkùránì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí i, tí àwọn tí ń ta géèmù náà sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. N kò rò pé ẹni tí ó ya àwòrán náà mọ ohun tí ó ń yà. Bóyá ẹwà ìkọ̀wé Lárúbáwá ni ó rí tí ó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí Mùsùlùmí kan ṣoṣo bá wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń yà á, kò bá ti sọ fún wọn.

Ẹ dúró ná o, kí a má ṣe rò pé gbogbo ẹ̀hónú wa ni ó tọ̀nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, Sony ti múra tán láti ta géèmù kan tí à ń pè ní LittleBigPlanet. Eré tí tọmọdé tàgbà lè ṣe ni, kò sí ìbọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀ ni "Tapha Niang" ti Toumani Diabaté. Ẹnìkan kọ̀wé sí Sony pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì nínú orin náà, pé kò yẹ kí a da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pọ̀ mọ́ orin. Ẹ̀rù ba Sony. Wọ́n dá títà géèmù náà dúró káàkiri ayé, wọ́n kó èyí tí ó ti dé ìsọ̀ padà, wọ́n sì yọ ohùn akọrin kúrò.

Ta ni Toumani Diabaté yìí? Mùsùlùmí ni, ọmọ Bàmákò ní ilẹ̀ Máálì, tí ó jáde láyé ní ọdún 2024. Láti ìran dé ìran ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ta kora, ohun èlò olókùn 21. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ohun tí kò ṣàjèjì ni kí òun kọrin kí òun sì fi ọ̀rọ̀ Ànábì ṣe àwòkọ́ṣe, pé ọ̀nà tí òun fi ń fa ènìyàn wá sínú ẹ̀sìn nìyẹn. Àwa tí a ti inú oorun gbọ́ orin wéré tí a fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, a mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí. Àwọn àáfáà wa kò fohùn ṣọ̀kan lórí orin, n kò sì ní bọ́ sáàárín wọn. Ohun tí ó dùn mí ni pé wọ́n ní àwọn ń bọlá fún Mùsùlùmí, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ pa Mùsùlùmí lẹ́nu mọ́, èyí tí í ṣe aládùúgbò wa. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé láti ara orúkọ Máálì ni a ti rí "Ìmàle", nítorí pé àwọn oníṣòwò ìhà ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbé ẹ̀sìn yìí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí bá wí. Géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Civilization, nínú èyí tí ènìyàn máa ń jẹ ọba tí yóò sì tún ìlú ṣe. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún, tí ó jáde ní ọdún 2010, wọ́n fi Askia ọba Songhai síbẹ̀. Ìlú tí ń jóná ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, inú ìkógun ni wọ́n sì fi èrè rẹ̀ sí. Lóòótọ́ Askia Muhammad jagun, ṣùgbọ́n ó lọ sí Mẹ́kà ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó sì gbé àwọn onímọ̀ Timbuktu ga. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kan náà fi Mansa Musa ọba Máálì, ẹni tí ó lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1324, sínú ẹ̀dà kẹfà. Nínú ìṣòwò àwọn tí ń da ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ọlà tirẹ̀ sí. Ọba aláwọ̀ dúdú méjì, Mùsùlùmí méjì, àgbègbè kan náà. Ọmọ tí ó bá jẹ Askia kọ́ bí a ṣe ń fi ìkógun là. Ọmọ tí ó bá jẹ Musa kọ́ bí a ṣe ń fi òwò là. Ta wá ni yóò sọ pé kò sí ẹ̀kọ́ nínú eré?

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a má ṣe gba gbogbo ìròyìn tí ó bá sáré dé orí fóònù wa. Súrátù Hùjúráátì pa á láṣẹ fún wa pé kí a wádìí kí a tó gbé ìgbésẹ̀. Bí a bá wádìí tí a rí i pé òótọ́ ni, kí a kọ̀wé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2012 àti 2021 fi hàn pé wọ́n máa ń gbọ́. Èkejì, kí a má ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yà wá bíi màlékà. Ìdájọ́ òdodo ni ẹ̀sìn wa ní kí a ṣe, kódà fún ẹni tí a kò fẹ́ràn. Bí wọ́n bá fẹ́ yà wá, kí wọ́n yà wá bí a ti rí: ẹni tí ń tà, ẹni tí ń rà, ẹni tí ń kírun, àti ẹni tí ń ṣẹ̀. Assassin's Creed Mirage tí ó jáde ní ọdún 2023 gbìyànjú èyí. Apànìyàn ni akọni inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàgídádì ayé àtijọ́ tí ó ń rìn nínú rẹ̀ kún fún ọjà, ilé ìmọ̀ àti ohùn ìpèrun, kì í ṣe ojú ogun nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ "mi ò jẹ". Kí àwa náà jẹ́ kí ọmọ wa kọ́ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n máa ṣe géèmù, kì í ṣe kí wọ́n máa rà á nìkan. Ní Èkó níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún 2012. Bí ilé kéú wa bá ń kọ́ ọmọ ní kíkà, tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọ ní ìṣirò, kí ló dé tí ọmọ Mùsùlùmí kò fi ní lè yà ọjà wa, kí ayé rí i?

Àgbàlagbà ìjọ́sí ní kí a sọ fóònù nù. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí a bá gba ti ọmọ wa, ti ọmọ aládùúgbò ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò gba fóònù náà. Nígbà tí mo tún yà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń wo géèmù náà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì bi í pé, "Ta ni ó ṣe eré yìí? Kí ni ó fẹ́ kí o rò nípa àwọn tí o ń yìnbọn sí yìí?" Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń ronú.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí ó má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa sọ wọ́n di ẹni tí yóò máa bẹ̀rù ohùn ìpèrun. Àmín.