Bọ́lọ́pàá ṣe kó ìwé 11,000 lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà l'Amẹ́ríkà, tílé ẹjọ́ sì ní kò bófin mu

Lóṣù Kẹwàá, ọdún 1957, làwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé iṣẹ́ kan tó ń pín ìwé ìròyìn fáwọn ọlọ́jà nílùú Kansas City, ìpínlẹ̀ Missouri, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n tún dé ìsọ̀ márùn-ún tí wọ́n ti ń tà á. Ìwé oníṣekúṣe ni wọ́n láwọn ń wá. Oríṣi ìwé 280 ni wọ́n kó, ẹ̀dà ẹ̀ sì tó bíi 11,000.

Adájọ́ tó fọwọ́ síwèé àṣẹ tí wọ́n mú dání kò fojú kan ọ̀kankan nínú ìwé náà, kò sì pe ọlọ́jà kankan kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n ń dúró nídìí ọjà, tí wọ́n ń pinnu èyí tó burú. Nígbà tí adájọ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò tán lóṣù Kejìlá, 100 péré ló lòdì sófin. 180 tó kù ò ní àbùkù, síbẹ̀, wọ́n ti lò ju oṣù méjì lọ lákàtà ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn tóṣù ẹ̀ bá ti kọjá ti dohun tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà nìyẹn, owó ọlọ́jà sì ti wọgbó.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tílé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 1961 kò jìnnà síyẹn. Wọ́n ní òfin lè fìyà jẹ ẹni tó ń ta ìwé oníṣekúṣe o, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ọjà náà ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wọn.

Lọ́dún 1989, wọ́n tún là á yéni nínú ẹjọ́ àwọn ilé ìtàwé kan ní Fort Wayne, ìpínlẹ̀ Indiana, tí ìjọba tì pa láìtíì gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n ní ọlọ́pàá lè mú ẹ̀dà kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ kó gbogbo ẹ̀ kúrò lọ́jà àfìgbà tí tọ̀tún-tòsì bá ti rojọ́.

Èyí ò ní kí ọlọ́jà máa sùn o. Lọ́dún 1993, ilé ẹjọ́ yìí kan náà dá ẹjọ́ ọkùnrin oníṣòwò kan láti Minnesota. Ìwé ìròyìn mẹ́rin àti fídíò mẹ́ta ni wọ́n torí ẹ̀ dá a lẹ́bi, ni wọ́n bá gba okòwò ẹ̀ àti owó tó fẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ìyẹn ò tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ lójú, nítorí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ná. Ohun tí wọ́n kàn ní kílé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ lọọ yẹ̀ wò ni bóyá ìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kí ọlọ́jà dì mú níbẹ̀ ni pé, kí wọ́n tó dá ẹjọ́, òfin Amẹ́ríkà dáàbò bo ọjà inú ìsọ̀. Tí wọ́n bá ti dáni lẹ́bi, ìsọ̀ fúnra ẹ̀ lè lọ sí i.