Ta ló yẹ kó sanwó ìmọ̀? Ohun tí ẹ̀gẹ́ Tube, ère Ìmẹ̀kọ àti ilé ìkàwé Àbújá fi yé wa

Ní Tube àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ẹni tó bá ní oko ẹ̀gẹ́ ní oúnjẹ, ó sì ní owó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbìn ín lónìí kò tíì dáyé nígbà tí kòkòrò kan fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìwádìí tí àwọn ìjọba fowó tì lẹ́yìn ni ó gba ẹ̀gẹ́ là. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ owó ìwádìí, ti mùsíọ́mù àti ti ilé ìkàwé fi kan àgbẹ̀ ẹnu ààlà bó ṣe kan ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Àlàyé rẹ̀ rèé.

Kòkòrò tó bo ewé ẹ̀gẹ́

Ní nǹkan bí ọdún 1973 ni wọ́n rí kòkòrò funfun kan ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Bó bá bo orí ewé ẹ̀gẹ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n bu èlùbọ́ sí i. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ni kòkòrò náà ti wá. Lọ́hùn-ún, ó ní ọ̀tá tó ń pa á. Lọ́dọ̀ wa, kò ní. Kí ọdún 1980 tó dé, ó ti wọ gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Níbi tó bá ti rinlẹ̀, ó lè ba tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè jẹ́.

Ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan, Hans Herren, ló ṣíwájú àwọn tó wá ojútùú. Dípò kí wọ́n fún oògùn olóró sí oko, wọ́n lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n tíńtín kan tó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Bí ẹyin bá ti pa, ọmọ agbọ́n á jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ́n yìí lọ sí London láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ó má baà kó àrùn mìíràn wọlé. Ní 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Richard Norgaard ti ṣírò rẹ̀ ní 1988 pé dọ́là kan tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ náà mú èrè dọ́là 149 wá.

Ta ló sanwó? Ìjọba Nàìjíríà ló fún IITA ní ilẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967. Àwọn ìjọba bíi ti Switzerland àti Jámánì, pẹ̀lú àjọ IFAD ti àgbáyé, wà lára àwọn tó gbé owó iṣẹ́ agbọ́n náà kalẹ̀. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀.

Kí ló dé tí oníṣòwò kò fi ṣe é?

Oníṣòwò ń tà kó tó jèrè ni. Ta ni yóò ra agbọ́n yìí? Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ lóko rẹ̀ lónìí, á bí sí i, á fò lọ sóko ẹni tí kò sanwó. Á kọjá ààlà ní Tube wọ ilẹ̀ Benin láìbá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀. Nígbà tí èrè bá kárí gbogbo ayé báyìí, kò sí ilé iṣẹ́ aládàáni tí yóò fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́, gbogbo wa ló sì yẹ ká jọ san án. Owó-orí ni ọ̀nà tí ìlú ń gbà ṣe bẹ́ẹ̀.

Bọ́rọ̀ mùsíọ́mù àti ilé ìkàwé ṣe rí náà nìyẹn. Ọmọ kan kì í wo ère kó tán fún ọmọ mìíràn. Ìwé tí a tọ́jú lónìí lè pẹ́ tó 40 ọdún kí ẹni tí yóò wúlò fún tó béèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ní California

Ní 1950, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà William Bascom jókòó ti Duga, àgbà agbẹ́gilére ní Ìmẹ̀kọ, ó ń wo bó ṣe ń gbẹ́ ère, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bascom di olórí mùsíọ́mù kan ní yunifásítì Berkeley, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ California dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àkójọ ohun ọnà Yorùbá tó kó jọ wà, nínú mùsíọ́mù tó ń jẹ́ Phoebe A. Hearst lónìí. Ìwé tó kọ nípa Duga wà nílẹ̀ títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀gá agbẹ́gilére ìhà Kétu ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kò yẹ ká bínú sí Bascom. Ohun tó yẹ ká wò ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ kan lókè òkun ń náwó lọ́dọọdún kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa má baà di oúnjẹ ikán. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1943 ni wọ́n fi Kenneth Murray ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà. Mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́ ṣí ní 1945, òfin tó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní 1953, mùsíọ́mù Oníkàn l'Ékòó ṣí ní 1957, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà nínú ohun tó kó pamọ́. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó gbogbo mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ àkọsílẹ̀ àṣà gbogbo ayé ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Òfin wà, orúkọ wà. Owó tí yóò máa dé láìdáwọ́ dúró ni kò sí.

Ilé ìkàwé tí owó ìrànwọ́ fẹ́ parí

Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn l'Ékòó ní 1964. Òfin rẹ̀ ní kí gbogbo atẹ̀wé ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìwé Yorùbá tí ẹnì kan bá tẹ̀ ní Ìlaròó lónìí, bí òfin bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò bá a níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olú-ilé rẹ̀ ní Àbújá. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe ní 2006. Oṣù 22 ni wọ́n ní yóò gbà. Ọdún kọjá lórí ọdún, ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, ilé náà kò parí. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, ní kí àwọn tó fẹ́ fún òun lẹ́bùn ọjọ́ ìbí kó owó náà sí ilé ìkàwé yìí. Owó tó wọlé lé ní bílíọ̀nù 20 Náírà. Iṣẹ́ rere ni, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Síbẹ̀, ilé tí òfin ìlú dá sílẹ̀ kò yẹ kó máa retí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

Oríṣi owó méjì

Ọ̀nà méjì ni owó ìjọba ń gbà dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ilé wọ̀nyí. Èkíní ni ètò ìṣúná ọdọọdún. Àjọ á kọ ohun tó fẹ́, Ààrẹ á gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin, wọ́n á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí owó wà nínú ìwé kò ní kó wà lọ́wọ́. Bí owó epo rọ̀bì bá já wálẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ lè dé, kí owó tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe má dé. Ère àti ìwé kì í sì í dúró de ọdún tí nǹkan bá dẹ̀: òjò tó jo wọlé lẹ́ẹ̀kan ti bà wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Èkejì ni owó tí òfin dè mọ́ iṣẹ́ kan. TETFund ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Láti 1993 ni òfin ti ń yọ owó kan lára èrè àwọn ilé iṣẹ́ fún ètò ẹ̀kọ́. Ní 2011 ó di ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nìkan. Láti inú rẹ̀ ni Federal Polytechnic Ìlaròó àti yunifásítì OOU, tó ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò, ti lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ilé kíkọ́ àti owó ìwádìí. Ẹni tó bá rìn wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kan yóò rí orúkọ TETFund lára ògiri.

Láti oṣù kìíní 2026, òfin owó-orí tuntun ti sọ owó yìí di ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún èrè àwọn ilé iṣẹ́, ó sì yọ àwọn kéékèèké sílẹ̀. TETFund gba ìlàjì rẹ̀. Owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ààbò pín ìyókù. Mùsíọ́mù kò sí nínú wọn. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ kò sí nínú wọn.

Ṣé ọ̀nà àti ilé ìwòsàn kọ́ ló kàn?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹni tí ojú ọ̀nà Ìpókíá ń fìyà jẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó bàjẹ́ ṣe é tún ṣe lọ́dún mìíì. Ère tí ikán jẹ kò ṣe é tún gbẹ́, nítorí ẹni tó gbẹ́ ẹ ti lọ. Ìwádìí ẹ̀gẹ́ tí a dá dúró kì í bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí kòkòrò bá dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ní 2006, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pinnu ní Khartoum pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò máa ná ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ lórí ìwádìí. Nàìjíríà ṣì jìnnà sí i púpọ̀.

Òótọ́ ni pé owó tí òfin dè náà ṣe é fi ṣòfò. Nítorí náà, kí òfin tó bá fún wọn lówó tún pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí ará ìlú lè kà á.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ìmọ̀ náà kò sì ní kẹ̀kẹ́ mìíràn. Bí àwọn tó ń wá ìbò bá dé Tube, Ìlaròó tàbí Ayétòrò, tí wọ́n ṣèlérí mùsíọ́mù tàbí ilé ìkàwé, ẹ má jẹ́ kí àwòrán ilé náà tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè òfin tí yóò máa san owó olùtọ́jú rẹ̀ ní ọdún kẹwàá, nígbà tí ẹni tó ṣèlérí kò bá sí nípò mọ́. Bí wọn kò bá rí èyí dáhùn, ilé òfìfo ni wọ́n fẹ́ kọ́ fún yín.