Kọnkéré Tí Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ti kọnkéré, omi ni aláǹgbá náà. Kò sí bí a ti lè pò ó dáradára tó, a máa sán bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ibi tí ó sán lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán irun. Síbẹ̀, bí omi àti atẹ́gùn bá gba ibẹ̀ dé ara irin tí ń bẹ nínú rẹ̀, irin a dógùn-ún, a wú, a sì fọ́ kọnkéré láti inú wá.

Ní ọdún 2006, Henk Jonkers, onímọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwòsàn fún àrùn yìí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Delft, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Inú kọnkéré a máa múná bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ. Díẹ̀ ni ohun ẹlẹ́mìí tí ó lè gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà kan ń bẹ nínú ìdílé tí a ń pè ní Bacillus, tí irú omi bẹ́ẹ̀ kò pa lára. Bí kò bá sí omi àti oúnjẹ, wọn a di kóró, wọn a sì sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹ́gẹ́ bí irúgbìn tí ń retí òjò àkọ́rọ̀.

Jonkers po kóró wọ̀nyí mọ́ kọnkéré pẹ̀lú oúnjẹ wọn, èyí tí í ṣe calcium lactate. Nígbà tí kọnkéré bá sán, tí omi sì wọlé, àwọn bakitéríà a jí, wọn a jẹun, ohun tí yóò sì ti inú iṣẹ́ wọn jáde ni òkúta ẹfun, irú èyí tí a ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Òkúta yìí ni yóò dí ojú ibi tí ó sán. Wọn a sì tún máa lo atẹ́gùn ọ́síjìn tí ì bá mú irin dógùn-ún. Báyìí ni omi tí ó wá ba ilé jẹ́ fi ń jí àwọn tí yóò tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣì í gbọ́. Ibi tí ó sán tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí 0.8 mílímítà lọ ni wọ́n lè dí. Owó rẹ̀ sì ga ju ti kọnkéré lásán lọ. Nígbà tí ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ní Èkó, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ènìyàn tí ó lé ní 40 ni ó kú. Kò sí bakitéríà tí ó lè wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tí a kọ́ dáradára ni wọ́n lè fi kún ọjọ́ rẹ̀. Ibikíbi tí a bá ti yọ sìmẹ́ńtì nínú àdàlù, tàbí tí a dín irin kù, ọwọ́ ènìyàn ni àtúnṣe wà, kí ilé tó dìde.

Ẹ̀yin olùkọ́, òkúta ẹfun kò wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ojú tí ń wo ohun kékeré fínnífínní, àti ọwọ́ tí kì í rẹ́ni jẹ, ni kí ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ.