Bí ọta ìbọn bá ba aládùúgbò yín: ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní Ṣómólú àti Bàrígà ló ti gbọ́ ìró ìbọn rí, yálà nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń bá ara wọn jà, tàbí nígbà tí àwọn adigunjalè dé. Ohun tí a sì máa ń ṣe kò ju pé ká sá wọlé, ká ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá rọlẹ̀ tán, ẹni tí ọta bà ṣì wà nílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Kí ló yẹ kí aládùúgbò ṣe?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ará ìlú láàyè láti ní ìbọn, àwọn olùkọ́ kan máa ń kọ́ni ní nǹkan méjì pọ̀: bí a ṣe ń lo ìbọn láìṣe ẹlòmíì léṣe, àti bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ọta bá bà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Stop the Bleed, láti kọ́ gbogbo ènìyàn bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìdí ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀ gidigidi lè kú láàárín ìṣẹ́jú 5, kí àwọn oníṣègùn tó dé.

Ní ti ìbọn, òfin tiwa yàtọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, títí kan ṣakabùlà àwọn ọdẹ. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ló sì lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ọmọ yín bá rí ìbọn he, kí ó má fọwọ́ kàn án; kí ó pe àgbà, kí àgbà sì pe ọlọ́pàá. Kí á gbà pé ọta wà nínú gbogbo ìbọn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ní òfìfo ni.

Ìmọ̀ ìtọ́jú ní tirẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ewu ti kọjá. Ẹ pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má sì ṣe máa ṣí i wò. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ẹ fi aṣọ tó fẹ̀ tó ìka 3 dì í ní òkè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ ki igi kékeré bọ̀ ọ́, kí ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀. Dókítà ni kí ó tú u. Ẹ má ṣe lo okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe yọ ọta, ẹ má ṣe fún un ní omi tàbí ògógóró, ẹ má sì ki aṣọ bọ inú ọgbẹ́ àyà tàbí ikùn. Ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má baà mú un.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìbọn kò pa. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ní ọdún 2017. Ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, ìbáà rówó san sílẹ̀ tàbí kò rí. Láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ni ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀ yóò sọ fún ọlọ́pàá. Òfin náà tún ní kí wọ́n má ṣe fi ìbéèrè tí kò yẹ dààmú ẹni tó gbé e wá. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe ojúṣe rẹ̀ lábẹ́ òfin náà, tí aláìsàn sì torí bẹ́ẹ̀ kú, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura.

Kì í ṣe ìbọn nìkan ni ìmọ̀ yìí wà fún. Àwọn atẹ̀wé tó kún Ṣómólú mọ ohun tí ẹ̀rọ ìgéwèé lè fi ọwọ́ ènìyàn ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́kadà mọ ti ojú títì. Red Cross Nàìjíríà máa ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ké sí wọn. Ọwọ́ tó mọ bí a ti ń di ọgbẹ́ ni àdúgbò wa nílò ju ọwọ́ tó di ìbọn mú lọ.