Ẹ̀ṣẹ̀ Walsegg Lórí Salieri: Àbùkù Àwọn Aṣẹ̀dá-Orin Nínú Sinimá

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé, nígbàkígbà tí àwọn oníṣẹ́ sinimá bá fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí-ayé ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtarìgì tí ó ṣẹ̀dá orin ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, àbùkù ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá?

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún wa ni pé iṣẹ́ ìṣẹ̀dá orin kò ṣe é fi ojú rí. Ọkùnrin kan jókòó ti tábìlì, ó ń fi kálàmù kọ àmì orin sínú ìwé. Ta ni yóò sanwó kí ó tó wá fi wákàtí méjì wo ìyẹn? Nítorí náà ni olùdarí sinimá fi ń wá àlè, gbèsè, àìsàn àti ọ̀tá kiri. Nígbà mìíràn, òtítọ́ tó o lò. Carlo Gesualdo, ọmọ-aládé kan ní ilẹ̀ Ítálì, pa ìyàwó rẹ̀ àti àlè obìnrin náà ní ọdún 1590; àwọn aláṣẹ ìlú Naples wá wo òkú wọn, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Werner Herzog fi ọ̀ràn náà ṣe sinimá ní ọdún 1995.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni Amadeus, tí Miloš Forman darí ní ọdún 1984 láti inú eré orí ìtàgé Peter Shaffer, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1979. Ẹ̀bùn Oscar mẹ́jọ ni ó gbà. Nínú rẹ̀, Antonio Salieri, olórin ààfin ní Vienna, ń jowú Mozart. Ó fi ìbòjú bojú, ó sì lọ fún Mozart ní iṣẹ́ Requiem, èyíinì ni orin Máàsì fún òkú. Ète rẹ̀ ni pé, bí Mozart bá kú tán, òun yóò pe orin náà ní tòun.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹnìkan wà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́: Franz von Walsegg, ìjòyè kan ní ilẹ̀ Austria. Ìyàwó rẹ̀, ẹni ọdún 20, kú ní oṣù kejì ọdún 1791. Walsegg rán oníṣẹ́ sí Mozart láìjẹ́ kí ó mọ ẹni tí ó rán an. Mozart kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún náà láìtíì parí iṣẹ́ yìí. Opó rẹ̀, Constanze, nílò owó. Níkẹyìn, Franz Xaver Süssmayr ni ó bá a parí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1793, Walsegg fúnra rẹ̀ darí orin náà ní Wiener Neustadt bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. A rí i pé àbùkù gidi ti wà nínú ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Ohun tí sinimá ṣe ni pé ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹni tí ó jẹ̀bi, ó gbé e ka aláìṣẹ̀ lórí.

Ó yẹ kí n sọ pé àhesọ pé Salieri fún Mozart ní májèlé jẹ ti wà kí sinimá tó dé. Nígbà tí Salieri wà lórí ibùsùn àìsàn ní ọdún 1823, ó sọ fún Ignaz Moscheles, tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí òtítọ́ níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1825. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Alexander Pushkin sọ àhesọ náà di eré ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Òkú kò kúkú lè rojọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Mozart fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Constanze ní oṣù kẹwàá ọdún 1791 pé òun mú Salieri lọ wo eré-olórin òun, Die Zauberflöte, àti pé gbogbo rẹ̀ ni ó dùn mọ́ Salieri. Ọmọ Mozart tí ó kéré jù lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Salieri; Beethoven, Schubert àti Liszt náà kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú sinimá, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé òun kò ní mọ obìnrin. Nínú ayé, ó gbéyàwó, ó sì bí ọmọ mẹ́jọ.

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tí ó ní kí a da sinimá náà nù. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí mo kà sí ẹ̀kọ́ orin tí ó dára jù lọ tí mo tíì rí nínú sinimá. Mozart dùbúlẹ̀, ikú ti dé tán, Salieri jókòó tì í, ó ń kọ ohun tí ó ń pè sílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ wá, ohùn òkè wọn tẹ̀lé e. Kàkàkí àti ìlù wọlé, àwọn ohun-èlò olókùn wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí a fi gbọ́ gbogbo wọn papọ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ àmì orin kan ṣoṣo yóò dìde níbẹ̀ pẹ̀lú òye bí a ṣe ń to ohùn lé ohùn. Kò sí àlè níbẹ̀, kò sí májèlé. Ọkùnrin méjì àti ìwé orin ni. Olùdarí tí ó lè ṣe èyí kò ní àwáwí mọ́ pé iṣẹ́ orin kò ṣe é wò.

Ní ti Salieri, eré-olórin rẹ̀ tí ń jẹ́ Europa riconosciuta ni wọ́n fi ṣí ilé-eré La Scala ní ìlú Milan ní ọdún 1778. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán, Riccardo Muti tún fi í ṣí i ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 2004. Amadeus ti pé ogún ọdún nígbà náà. Mo gbà pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ti mọ Salieri ní apànìyàn kí wọ́n tó gbọ́ orin rẹ̀ kan.